Ìdáríjì Tí Mo Kọ Ní Ààbọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn tí mo kọ nípa ikú opó Glikeria, tí ẹ sì ń pè mí ní olùwádìí tó ń wo ọkàn ènìyàn bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ omi tó tòrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé náà sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀. Irọ́ ni mo pa. Ọkùnrin tí mo ní ó pa opó náà kò pa á. Mo mọ ẹni tó pa á, mo mọ̀ ọ́n nígbà tí àyè ṣì wà láti gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀, mo sì pa ẹnu mi dé. Dókítà sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé omi ti kún àyà mi, pé kí n má retí àtirí ọjọ́ tí yìnyín orí odò Vólgà yóò yọ́ lọ́dún yìí. Ẹ̀rù ń bà mí. N kò ní purọ́ lórí èyí náà: kì í ṣe ìfẹ́ òtítọ́ ló kọ́kọ́ fi kálámù lé mi lọ́wọ́, ẹ̀rù ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi.

Nikanor Lukich ni orúkọ mi. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹjọ́ tuntun sílẹ̀ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí wọ́n gba ìwádìí ọ̀ràn lọ́wọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n gbé e fún àwa ọ̀dọ́ tó kàwé òfin, wọ́n fi mí ṣe olùwádìí ní ìlú kékeré kan létí Vólgà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, orí mi sì kún fún ìtàn. Ẹ mọ irú ìtàn tí àwa fẹ́ràn. Àwọn ará òkèèrè lè máa yọ̀ mọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń wọn ojú ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tó ń gbọ́ òórùn eérú tábà. Olùwádìí inú ìwé tiwa jókòó ni. Ó ń mu tíì, ó ń fa sìgá, ó ń bá afurasí ṣàwàdà, ó ń béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Kò lé ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ wúwo, pé yóò rẹ ẹni tó gbé e lọ́jọ́ kan, pé onítọ̀hún yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Èmi ni." Bí ìwé ìròyìn olóṣooṣù bá ti dé láti Pẹ́tẹ́sbọ̀ọ̀gì, n óò fi ọ̀bẹ la ojú ìwé rẹ̀ tó lẹ̀ pọ̀, n óò kà á tán, n óò wá lọ wo ojú ara mi nínú dígí. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wá kúnlẹ̀ níwájú mi bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ohun tí mo sọ yìí, nítorí ẹnì kan wá lóòótọ́, ẹ óò sì gbọ́ ohun tí mo fi ojú rẹ̀ rí.

Inú oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n pa Glikeria. Arúgbó ni, ó ń dá gbé nínú ilé onígi kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé àwòrán mímọ́ Ìyá Olúwa kan wà ní igun yàrá rẹ̀ tí wọ́n fi fàdákà bò lójú. Wọ́n fi àáké lù ú lórí, wọ́n sì bó fàdákà náà lọ. Tikon apọnmi ló kọ́kọ́ rí òkú rẹ̀. Àràárọ̀ ni Tikon ń fi ẹṣin gbé àgbá omi kiri láti odò, tó ń pọn ọ́n sí ilé àwọn oníbàárà rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wọlé opó yìí pẹ̀lú korobá méjì, ó rí i nílẹ̀, ó ju korobá sílẹ̀, ó sì sá. Aládùúgbò rí i tó ń sá. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí i níbi tó sá pamọ́ sí nínú ilé ìwẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀, eyín rẹ̀ sì ń gbá ara wọn.

Mo bi í pé, "Bí kì í bá ṣe ìwọ, kí lo sá fún?" Ó ní, "Ẹ̀rù ìjọba ló bà mí, bàbá." Bàbá! Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. "Ìjọba wo ló wà níbẹ̀? Òkú nìkan ló wà níbẹ̀." Ó ní, "Bí òkú bá ti wà, ìjọba ń bọ̀ nìyẹn." Kornil akọ̀wé mi rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín, mo da tíì fún Tikon, mo fún un ní ṣúgà, mo béèrè ìyàwó rẹ̀ Agafya àti ọmọbìnrin wọn Fedosya tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Mo ń ṣe bí ti inú ìwé. Ó mu tíì náà, ó dúpẹ́, ó fi ṣúgà tó kù sápò fún ọmọ rẹ̀, ó sì ní òun kò pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Ní ìlú, bí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ayò káàdì, dókítà ìlú yóò ti ké láti òkèèrè pé, "Nikanor Lukich, ẹni yín ti kúnlẹ̀ àbí ó ṣì ń lá ṣúgà yín?" Gbogbo wọn a sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbéraga ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fún un lórúkọ mìíràn.

Ọjọ́ Ìsinmi Ìdáríjì wá kò. Ọjọ́ yẹn ni ìparí ọ̀sẹ̀ bọ́tà, tí a fi ń jẹ àjẹkẹ́yìn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ ló ń mọ́ bá Ààwẹ̀ Ńlá tó ṣáájú Àjíǹde. Kò sí ẹni tí kì í tọrọ ìdáríjì lọ́jọ́ náà. Ọkọ á tẹrí ba fún ìyàwó, ọ̀gá á tẹrí ba fún ọmọ ọ̀dọ̀, á ní, "Dárí jì mí, mo ti ṣẹ̀ ọ́." Ẹnì kejì á ní, "Ọlọ́run á dárí jì ọ́, èmi náà dárí jì ọ́. Ìwọ náà dárí jì mí." Kò sí ẹni tó ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ wo. Bí ìgbà tí a bá ń kí ara wa kú ọdún ni. Nínú túbú pàápàá, wọ́dà ń tẹrí ba fún ẹlẹ́wọ̀n. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú Kornil, a gbé àkàrà pẹlẹbẹ oníbọ́tà dání fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọjọ́ náà. Nígbà tí mo dé yàrá Tikon, mo tẹrí ba. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí: èmi ni mo kọ́kọ́ tẹrí ba. Mo ní, "Dárí jì mí, Tikon Savelich, mo ti ṣẹ̀ ọ́." Ọkùnrin náà dìde lójijì, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Bóyá òun náà kò retí kí ẹni bí èmi tẹrí ba fún un. Ó wólẹ̀ gbalaja, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run á dárí jì yín, bàbá. Ẹ̀yin náà ẹ dárí jì mí. Mo jẹ̀bi lójú yín, mo jẹ̀bi lójú Màmá Glikeria náà, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn." Mo bi í kẹ́lẹ́ pé, "Kí lo ṣe fún Màmá Glikeria?" Ó ní, "Mo fi wọ́n sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sá. N kò tilẹ̀ pa wọ́n lójú dé."

Bí a ṣe ń padà lọ, yìnyín ń dún lábẹ́ bàtà wa, mo ń tún ọ̀rọ̀ Tikon pè nínú ọkàn mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo ní kí Kornil mú ìwé wá kó máa kọ ohun tí mo bá sọ. Mo ní: "Afurasí wólẹ̀ níwájú mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fipá mú un, ó sunkún, ó sì ní, 'Ẹ dárí jì mí, mo jẹ̀bi lójú yín, mo jẹ̀bi lójú Glikeria.'" Kálámù Kornil dúró. Ó ní, "Ọ̀gá, àná nìyẹn. Ọjọ́ Ìdáríjì." Mo ní, "Ọjọ́ wo ni òní?" Ó ní, "Ọjọ́ Ajé ni, ọ̀gá." Mo ní, "Kọ ọjọ́ Ajé." Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sì kọ́kọ́ tẹrí ba. Ó kàn dá yín lóhùn ni." Mo ní, "Kornil, ìwọ lo mọ òfin ni àbí èmi?" Ó ní, "Ẹ̀yin ni." Ó kọ ọ́. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ márùn-ún, n kò sì dá a lẹ́bi. A lọ sí túbú lọ́jọ́ náà, wọ́dà méjì tọwọ́ bọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, wọn kò kà á. Mo ka ọ̀rọ̀ náà sétí Tikon, mo bi í bóyá òun ló sọ ọ́. Ó ní òun ni. Ó fa àgbélébùú sábẹ́ rẹ̀, nítorí kò mọ̀ ọ́n kọ. Mo ti gé ìkíni sí méjì, mo kọ ìdáhùn sílẹ̀, mo sì gbé ẹ̀bẹ̀ tèmi mì.

Oṣù kọkànlá ni ẹjọ́ náà wáyé. Àwọn ará ìlú méjìlá ló jókòó láti dájọ́, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí wọ́n bá ti mọ ọjọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ náà, wọn ì bá fi í sílẹ̀ kó máa lọ sílé kí tíì tó hó, nítorí kò sí ẹnìkan nínú wọn tí kò sọ irú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Adájọ́ àgbà bi Tikon pé, "Ṣé o wólẹ̀ níwájú olùwádìí?" "Mo wólẹ̀, olúwa mi." "Ṣé o sọ pé o jẹ̀bi lójú olóògbé?" "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ló sọ ọ́. Ọjọ́ Ìsinmi ni." Adájọ́ wo ìwé, ó ní, "Ọjọ́ Ajé ló wà níbí." Tikon wo ìwé náà láti ọ̀ọ́kán, ó wo èmi, ojú rẹ̀ kò bínú rárá, ó ní, "Bó bá wà nínú ìwé, á jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ni wọ́n kàwé." Òógùn tó bò mí lábẹ́ ẹ̀wù ìjọba mi, mo ṣì ń mọ̀ ọ́n lára dòní. Mo lè dìde. Gbólóhùn kan péré ni. N kò dìde. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n fún un ní ọdún méjìlá iṣẹ́ àṣelàágùn ní Sìbéríà, wọ́n ní kó dúró ní túbú títí odò yóò fi là kí ọkọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n lè gbéra.

Èmi wá kọ ìtàn mi. Ìwé ìròyìn ńlá tẹ̀ ẹ́ jáde nínú oṣù kejì, ẹ sì mọ èyí tó kù: bí olùwádìí ọ̀dọ́ kan ṣe fi sùúrù àti tíì mú apànìyàn wólẹ̀. Àwọn obìnrin ń kọ lẹ́tà sí mi. Dókítà tó ń fi mí ṣẹ̀sín tẹ́lẹ̀, òun ló ń fi mí han àlejò báyìí. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí olú ìlú. Ẹ̀rù tó ń bà mí dínkù díẹ̀ díẹ̀, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìtàn mi gbọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú ọ̀sẹ̀ kẹrin Ààwẹ̀, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń mú yìnyín orí òrùlé kán tó, tó, tó sílẹ̀, Kornil ti lọ jẹun, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Sofron ni, ọmọ àbúrò opó Glikeria, ẹni tó ń rán ìjánu àti gàárì ẹṣin. Ó ti gbẹ bí igi. Ó di nǹkan kan sínú aṣọ ìnura mọ́ àyà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ fìlà, ó sì kúnlẹ̀. Ó ní, "Èmi ni." Mo ní, "Kí ni?" Ó tú aṣọ náà. Fàdákà ojú Ìyá Olúwa ló wà níbẹ̀, ó ti ká kò, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ sì wà létí rẹ̀. Ó ní, "Mo ní kí Màmá Glikeria fún mi lówó, wọ́n ní ọ̀mùtí ni mí. Àáké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. N kò mọ ìgbà tí mo mú un. Àlùfáà ti ní òun kò ní fún mi ní Ara Olúwa jẹ àfi bí mo bá lọ sọ fún ìjọba. Wọ́n ní, 'Lọ bá Nikanor Lukich, bó bá ti wò ọ́ lójú, á ti mọ̀.'"

Ẹ wò ó. Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ìgbà èwe mi nìyẹn. Apànìyàn tí ẹnikẹ́ni kò fura sí, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbólóhùn náà gan-an. N kò rí Sofron, n kò rí Tikon, ìwé ìròyìn ni mo rí, àti dókítà, àti adájọ́ tó ń bi mí pé, "Ọjọ́ Ajé wo?" Mo dìde, mo fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Dìde, Sofron. Ara rẹ kò yá. Ìbànújẹ́ ló dà ọ́ lórí rú." Ó ní, "Ara mi yá, ọ̀gá. Ẹ wo fàdákà náà." Mo ní, "O rà á lọ́wọ́ ẹnì kan nígbà tó o mutí yó, o sì gbàgbé. Ẹni tó ṣe é ti jẹ́wọ́." Ó ní, "Kò lè jẹ́wọ́. Èmi ni mo wà níbẹ̀." Mo sún mọ́ ọn, mo sì sọ ohun tí n kò lè gbàgbé láé. Mo ní, "Bí o bá tún sọ ọ̀rọ̀ yìí létí ẹnikẹ́ni, n óò ní kí wọ́n dè ọ́ lọ sí ilé àwọn wèrè, ibẹ̀ lo máa kú sí." Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbójú sókè wò mí bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lé jáde. Ó ní, "Ta ni kí n wá sọ fún, ọ̀gá?" Mo ní kó máa lọ. Ó lọ. Lọ́sẹ̀ Àjíǹde, wọ́n rí i tó ti so ara rẹ̀ rọ̀ sínú ìsọ̀ tó ti ń rán ìjánu. Ẹni méjì ni mo pa, òun àti Tikon, ẹ kà wọ́n pọ̀.

Fàdákà kù lórí tábìlì mi. Mo fi í sábẹ́ ẹ̀wù onírun mi, mo gba ojú ọ̀nà odò lọ ní ọ̀sán gangan, mò ń kí àwọn ènìyàn. Ihò kan wà nínú yìnyín odò níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ aṣọ. Mo rò pé wọ́n ti lọ jẹun. Obìnrin kan ṣẹ́kù. Ó gbé ojú sókè, Agafya ni, ìyàwó Tikon, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n kandìnkandìn nínú omi tútù. Ó dìde, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán o, bàbá. Ọlọ́run ló gbé yín wá. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n ní túbú kí wọ́n jẹ́ kí n rí ọkọ mi kí ọkọ̀ tó gbé e lọ. Mo ti hun ìbọ̀sẹ̀ fún un." Fàdákà náà ń gún mi níhà. Bí ó bá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, á gbọ́ dídún rẹ̀. Mo ní, "N óò bá ọ bẹ̀ wọ́n." Ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ọlọ́run á ṣe yín lóore." Mo dúró bí ẹni tó ń wo odò títí ó fi gbé agbọ̀n aṣọ rẹ̀ gun òkè lọ. Lẹ́yìn náà mo ju ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ sínú ihò tó ti ń fọ aṣọ. Omi gbé e mì, kò tilẹ̀ pariwo.

Mo bá a bẹ̀ wọ́n lóòótọ́, wọ́n sì jẹ́ kó rí Tikon. Ìyẹn nìkan ni oore tí mo ṣe. Tikon kò dé ibi tí wọ́n rán an lọ. Ibà pa á lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Èmi gé ìka tí kò ṣẹ̀, wọ́n sì fún mi ní àmì ẹ̀yẹ lé e. Láti ìgbà náà, n kì í fi ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn jókòó. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá fọ́ ife tó ní, "Ẹ dárí jì mí, ọ̀gá," n óò dìde, n óò sì jáde kúrò nínú yàrá.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi Ìdáríjì tó kọjá yìí, lẹ́yìn tí dókítà ti sọ tirẹ̀, mo ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ orí yìnyín gbé mi lọ sílé Agafya. Gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò ló ṣí sílẹ̀, àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń tẹrí ba fún ara wọn. Tiwọn nìkan ló tì. Fedosya, tó ti di obìnrin báyìí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, ló ṣílẹ̀kùn. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, ó le fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni Agafya ti ní, "Ẹ má sọ ọ́ o. Nínú ilé yìí, a kì í sọ ọ́. Láti ọdún náà. Bí ọmọ mi bá fọ́ àwo, a máa kó àfọ́kù rẹ̀ ni, a máa dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé bàbá rẹ̀ lọ." Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ọjọ́ Ajé, Sofron, fàdákà, ihò odò. Fedosya di ògiri mú. Agafya jókòó. Ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn?" Mo ní, "Èmi ni." Ó ní, "Ó sọ fún mi. Ọjọ́ tí mo gbé ìbọ̀sẹ̀ lọ. Ó ní, 'Agafya, olùwádìí ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ mí, mo kàn dá wọn lóhùn ni.' Mo ní kí ló dé tó ò sọ fún wọn ní kóòtù. Ó ní wọn ò bi òun." Mo fi orí kan ilẹ̀, mo ń sunkún, mo ní kó ṣàánú mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé wa, kò pè mí ní bàbá, kò sì pè mí ní ẹ̀yin. Ó ní, "Kọ ọ́. O mọ̀wé kọ. Kọ ọ́ bí o ṣe kọ ti ọkọ mi. Kọ ọjọ́ tó jẹ́. Kọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ẹni méjì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ọmọ mi bá kà á sí mi létí tán, n óò mọ ohun tí n óò sọ."

Mo ti kọ ọ́. Ẹ̀dà kan ń lọ sọ́dọ̀ olórí ilé ẹjọ́, kí wọ́n nu orúkọ Tikon mọ́, kí ẹnikẹ́ni má pe Fedosya ní ọmọ apànìyàn mọ́. Ẹ̀dà kan ń lọ sí ìwé ìròyìn tó tẹ irọ́ mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sórí àga tí mo ti dìde, tí ẹ ń ka ìtàn kí ẹ tó sùn, mo bẹ̀ yín: nígbà tí ẹnì kan bá kúnlẹ̀ níwájú yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ sọ fún un kó tó kúnlẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Kornil ti tọwọ́ bọ ìwé yìí, arúgbó ni báyìí, ó ní òun ti ń retí rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Fedosya yóò tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó bá kà á fún ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi Ìdáríjì ni mo sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ Ajé. Èmi, Nikanor Lukich, ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo ní: Dárí jì mí, Agafya, mo ti ṣẹ̀ ọ́, mo ti ṣẹ̀ Tikon. Abẹ́ ibí ni ìdáhùn rẹ̀ yẹ kó wà. Mo fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá kú kó tó dáhùn, kí ẹnikẹ́ni má bá a kọ ọ́.